Bíà Pupa Inú Àgbá Óákù: Èyí Tó Kan Ni Ká Rà, Àbí Èyí Tó Le?

Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń kọ sára ìgò méjèèjì: bíà pupa, tó gbó sínú àgbá igi óákù. Ẹ ṣí ọ̀kan, ó kan, ó sì fa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ ṣí èkejì, ó dùn, ó ki lẹ́nu, ó sì ń mú àyà gbóná bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá gbé èyí tó kan fún àlejò tó ń retí adùn, yóò ní ọtí ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọtí náà ò bàjẹ́, owó gidi ni wọ́n sì fi rà á. Mo ti rí i tí wọ́n da irú rẹ̀ nù sẹ́yìnkùlé nílé ìnáwó kan ní Ọ̀fà, ó dùn mí dọ́kàn.

Àwọn ọmọ wa tó ń bọ̀ láti Èkó, Àbújá tàbí òkè òkun ló ń gbé e wálé jù, pàápàá lásìkò Kérésì àti ọdún ìlú. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ to irú méjèèjì síwájú ara wọn, kí n sì gbé ọtíkà wa àti stout tí gbogbo wa mọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹnu ará Ìgbómìnà tàbí ará Ìbọ̀lọ́ kì í ṣe àjèjì sí ọtí kíkan, kì í sì í ṣe àjèjì sí ọtí líle.

Kí n tètè sọ ibi tí mo fì sí. Bó bá jẹ́ ọtíkà lẹ fẹ́ràn, èyí tó kan ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Bó bá jẹ́ stout lẹ máa ń mu, ẹ lọ síbi èyí tó le. Bó bá jẹ́ èrò rẹpẹtẹ lẹ fẹ́ gbà lálejò, ẹ má ra ìkankan nínú méjèèjì.

Ohun tí iná àti igi ń ṣe

Àwọ̀ pupa yẹn kì í ṣe aró. Ọkà báálì ni wọ́n máa ń rẹ sómi, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á wá fi iná gbẹ ẹ́. Bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni ọkà náà ṣe máa ń pọ́n tó, òun náà ló sì ń mú òórùn bíi ṣúgà tó ń jóná wá. Bí iná bá ré kọjá, ó di dúdú, ọ̀nà stout nìyẹn. Àwọn ìyá tó ń pọn ọtíkà mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, àmọ́ oòrùn ni wọ́n fi ń gbẹ ọkà bàbà tiwọn. Pípọ́n tí ọtíkà pọ́n, láti ara èèpo ọkà pupa ló ti wá.

Igi óákù funfun ní ohun kan tó yà á sọ́tọ̀. Àwọn ihò tóóró tí omi ń gbà nínú rẹ̀ máa ń dí bí igi náà bá ń dàgbà, ìyẹn ni àgbá tí wọ́n fi ṣe kì í fi í jò. Síbẹ̀ atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀ ń wọlé. Igi náà sì ń tú nǹkan sínú ọtí: ohun tó ń mú fanila ta sánsán wà nínú rẹ̀, òórùn tó jọ ti àgbọn wà nínú rẹ̀, èyí tó wà nínú kànáfùrù náà sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti dáná sun inú àgbá kí wọ́n tó lò ó, òórùn èéfín á kún un. Èyí tó kẹ́yìn ni tánìnì, ohun tó ń mú kí kajú fa ẹnu, tó sì ń mú kí ọ̀nà ọ̀fun gbẹ. Gbogbo ẹni tó dàgbà sí àyíká Ọ̀fà mọ bí kajú ṣe ń fani lọ́fun, nítorí náà ẹ ò ní pẹ́ dá tánìnì mọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgò tí wọ́n kọ óákù sí lára ló wọ àgbá rí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń da ègé igi sínú ọtí ni. Ilé iṣẹ́ Stone ní Kalifóníà ṣe é bẹ́ẹ̀ fún Oaked Arrogant Bastard, ọtí pupa líle tí agbára rẹ̀ jẹ́ 7.2%. Èmi ò ka èyí sí èrú. Adùn igi wọ inú rẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ kíákíá. Ohun tí kò ní ni atẹ́gùn tó ń fi sùúrù wọlé láti ara pákó àgbá, ẹni tó bá ti mọ ti àgbá yóò sì rí ìyàtọ̀ náà.

Èyí tó kan

Ìwọ̀-oòrùn Flanders ní Bẹ́ljíọ̀mù ni ilé èyí. Ilé iṣẹ́ Rodenbach ní ìlú Roeselare ti wà láti 1821, àgbá óákù tó wà lóòró nínú ilé wọn sì jẹ́ 294. Àwọn míì nínú àgbá yìí ga ju òrùlé ilé wa lọ, wọ́n sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn kòkòrò tín-ín-tín tó ń mú ọtí kan ti di onílé nínú pákó wọn. Ọtí á wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá pò ó mọ́ ọtí tuntun tí kò tíì kan. Nínú Rodenbach tí wọ́n ń mu lójoojúmọ́, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ọtí tuntun, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 5.2%. Nínú Grand Cru, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ti gbó, agbára rẹ̀ jẹ́ 6%. Vintage, tí wọ́n ń yọ láti inú àgbá kan ṣoṣo tí wọ́n bá yàn lọ́dún náà, dé 7%. Duchesse de Bourgogne, tí ilé iṣẹ́ Verhaeghe ń pọn ní Vichte, jẹ́ 6.2%, ó sì dùn ju Grand Cru lọ.

Ẹ wo Grand Cru nínú gíláàsì. Ó pọ́n rúsúrúsú, ìfófòó rẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Kí ẹ tó fẹnu kàn án, imú á ti gbọ́ òórùn èso kíkan, lábẹ́ rẹ̀ ni òórùn igi àtijọ́ àti ọtí kíkan díẹ̀ wà. Bó bá dé ẹnu, kíkan ló kọ́kọ́ dé, bí ìgbà tí àgbálùmọ̀ kò tíì pọ́n tán. Lẹ́yìn náà ni adùn á wá yọjú láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá gbé e mì, ẹnu á gbẹ díẹ̀, itọ́ á sì tún sun. Bó ṣe ń mú itọ́ sun yẹn ló ń mú kí oúnjẹ wuni sí i. Kò sí kíkorò tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ rárá, ohun tó sì máa ń ya ẹni tó ti mọ́ lára láti máa mu bíà lasán lẹ́nu nìyẹn.

Èyí tó le

Àgbá tí wísíkì ti gbé inú rẹ̀ ni èyí ń lò. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé àgbá óákù tuntun tí wọ́n ti sun inú rẹ̀ ni kí wọ́n fi bourbon, ìyẹn wísíkì àgbàdo ti Amẹ́ríkà, sí. Nítorí náà, bí bourbon bá ti jáde, àgbá náà kò wúlò fún bourbon mọ́, wọ́n á sì tà á. Nǹkan bí lítà 200 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, wísíkì tó ti rin pákó rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ bíà kéékèèké, àwọn tó ń pọn ọtí níwọ̀nba tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ fúnra wọn, ló ń sáré rà á. Kentucky Bourbon Barrel Ale, láti ìlú Lexington, wà nínú irú àgbá bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 8.2%.

Ní Skọ́tíláǹdì, ọ̀nà míì ni Innis & Gunn gbà débẹ̀. Ilé iṣẹ́ wísíkì kan ló ń fẹ́ àgbá tí bíà ti rin, kí wísíkì wọn lè rí adùn bíà fà. Bíà yẹn kò níye lórí lójú wọn, dídà ni wọ́n ń dà á nù, títí àwọn òṣìṣẹ́ fi tọ́ ọ wò tí wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n dà á nù mọ́. Dougal Sharp, apọntí tó pọn bíà náà, gbé e jáde ní Edinburgh ní 2003, agbára rẹ̀ jẹ́ 6.6%. Nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ, òun ló rọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, adùn fanila rẹ̀ pọ̀, kò sì le púpọ̀. Lójú tèmi adùn náà pọ̀ jù, ìgò kan ló máa ń tó mi.

Bí ọtí líle yìí bá dáa, òórùn ṣúgà jíjóná, fanila àti kànáfùrù ló máa kọ́kọ́ lu imú yín, ooru ọtí á tẹ̀ lé e. Ó ki, kì í sáré kúrò lẹ́nu. Bí kò bá dáa, òórùn ọtí líle nìkan lẹ ó gbọ́, bí ẹni pé wọ́n bu wísíkì sínú bíà. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ bí bíà tí wọ́n fi sínú àgbá bá fúyẹ́ jù. Èyí ni mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò: ṣé mo ṣì gbọ́ adùn ọkà, àbí àgbá ti borí rẹ̀?

Ibi tí ọtíkà bọ́ sí

Ọtíkà kò wọ àgbá igi, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó ń gbà kan kò jìnnà sí ti Flanders. Àwọn ìyá á rẹ ọkà bàbà mọ́jú, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ewé kó lè hù, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á lọ̀ ọ́. Àwọn míì máa ń po gàrí mọ́ ọn. Wọ́n á jẹ́ kó kan, wọ́n á sè é, wọ́n á tún fi í sílẹ̀ kó gbó. Ìran àwọn kòkòrò tó ń mú ògì kan, Lactobacillus, wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, òun kan náà ló sì wà nínú àgbá Rodenbach. Ìran àwọn tó ń sọ ẹmu di kíkan gan-an náà wà nínú àgbá yẹn, níwọ̀nba. Ohun tí ọtíkà ń fi ọjọ́ mélòó kan ṣe ni Flanders ń fi ọdún méjì ṣe.

Ìdí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó fẹ́ràn ọtíkà pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi èyí tó kan nìyẹn. Ọtíkà ki, ó ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, adùn ọkà kún inú rẹ̀. Grand Cru mọ́ lóló, adùn igi àti èso ló gbé wá. Kíkan wọn ló pàdé. Bí wọ́n bá sì fi mí lọ́rùn sílẹ̀ kí n yan ọ̀kan fún ọ̀sán gbígbóná lẹ́yìn iṣẹ́ oko, ọtíkà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ ni màá yàn, kò sí ìgò Bẹ́ljíọ̀mù tó lè dí àyè rẹ̀.

Ti stout kò gba àlàyé púpọ̀. Guinness tí wọ́n ń pọn ní Nàìjíríà jẹ́ 7.5%, nítorí náà ẹni tó ń mu ún ti ń gbé ọtí líle mì tipẹ́. Kíkorò ọkà sísun ló fi yàtọ̀. Ọkà bàbà náà sì wà nínú iṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ọtí wa láti ìgbà tí ìjọba ti fòfin de kíkó málítì báálì wọlé ní 1988. Ẹni tó mọ stout yóò tètè gba èyí tó le, á kàn rí i pé adùn ti gba ipò kíkorò.

Oúnjẹ ló máa ń parí ìjà

Wàrà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Wàrà Ìlọrin tí wọ́n dín, tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n tí inú rẹ̀ ṣì rọ̀, kò sí ohun tó bá a lọ bíi bíà pupa tó kan. Kíkan ń gé ọ̀rá òróró, iyọ̀ wàrà sì ń mú adùn ọtí jáde. Mo ti fi ọtí líle ti wàrà, ohun méjèèjì kàn jókòó sẹ́nu ni, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀.

Àsun tó ta gan-an ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ọtí líle máa ń mú ata ta sí i, nítorí náà ẹni tó bá gbé 8% ti àsun, omi tútù ló máa fi parí alẹ́ náà. Ẹ fi èyí tó kan sí i. Ṣúyà náà, ọ̀dọ̀ èyí tó kan ni mo kó o sí, àfi bí ata rẹ̀ bá kéré.

Ẹran tí wọ́n yan gbẹ lórí èéfín, tí ata rẹ̀ kò pọ̀, ti èyí tó le ni. Èéfín inú ẹran àti èéfín inú àgbá máa ń pàdé, adùn ṣúgà jíjóná á sì wọ inú ọ̀rá ẹran. Dòdò tó ti pọ́n dáadáa náà bá a mu, ẹ̀pà sísun pẹ̀lú. Ti iyán, ẹ jẹ iyán yín tán ná. Ìkankan nínú wọn kò ṣe ohun rere kan fún ọbẹ̀ ẹ̀gúsí.

Títọ́ ọ wò nílé wa

Ọtí tó tutù bíi yìnyín kò ní òórùn, tánìnì rẹ̀ nìkan ni á máa pariwo. Èyí tó kan ń fẹ́ ìwọ̀n ooru 8 sí 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tó le ń fẹ́ 10 sí 14. Fíríìjì ilé máa ń tutù ju èyí lọ, oòrùn Ìlọrin sì gbóná jù ú lọ fíìfíì. Ẹ yọ ọ́ nínú fíríìjì, ẹ gbé e sórí tábìlì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bó bá jẹ́ oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ẹ má jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Fírísà kì í ṣe ibi tí wọ́n ń fi í sí.

Gíláàsì tí ikùn rẹ̀ tóbi tí ẹnu rẹ̀ kéré ló dáa jù. Ẹ bu ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan, ẹ yí i díẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ tó mu. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ padà wá tọ́ ọ wò bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́: adùn igi tí ẹ ò gbọ́ lákọ̀ọ́kọ́, ìgbà yẹn ló máa jáde. Bí ẹ bá fẹ́ fi méjèèjì wéra lálẹ́ ọjọ́ kan náà, èyí tó kan ni kó ṣáájú. Bí èyí tó le bá ṣáájú, á ti gba ẹnu kan. Omi àti búrẹ́dì lásán láàárín wọn.

Ẹ má jẹ́ kí ìgò kékeré tàn yín. Ìgò 33cl tó jẹ́ 8.2% ní nǹkan bíi mílílítà 27 ọtí pọ́ńbélé nínú. Ìgò bíà ńlá 60cl tó jẹ́ 5% ní 30. Ohun tó yà wọ́n kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ èyí kékeré yìí dùn, ó sì ń yára lọ. Ìgò stout ńlá 60cl ní 45, ó ju àwọn méjèèjì lọ. Ẹni tó máa wakọ̀ padà láti Ọ̀fà sí Ìlọrin lálẹ́, tàbí tó máa gun ọ̀kadà, kó má fẹnu kàn án.

Ohun míì wà tó kan ọ̀wọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ agboolé ní Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ìgbómìnà, ọmọ ìyá kan á wà ní mọ́ṣáláṣí, èkejì á wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn méjèèjì á sì jókòó síbi ìnáwó kan náà. Ọtí títọ́wò bí irú èyí, yàrá kan ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún tó fẹ́ ẹ. Ìgò 75cl kan ṣoṣo tó wọn. Òun náà ló fà á tí mo fi ní kí ẹ má rà á fún èrò: kò ní kárí, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá mu ún ló máa mọyì rẹ̀, owó rẹ̀ sì lè ra ọtí tó máa tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, àti bí ẹ ṣe máa tọ́jú rẹ̀

Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, kí ẹ sì wo déètì. Ìgò tó mọ́ gaara ni Innis & Gunn ń lò, bí irú ìgò bẹ́ẹ̀ bá sì ti dúró lójú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ máa ń ba hops, òdòdó tí wọ́n fi ń mú bíà korò, jẹ́ nínú ìgò, òórùn burúkú ló ń dà. Ẹni tó ń gbé e bọ̀ láti Èkó, ẹ ní kó má jẹ́ kó sùn sínú búùtù mọ́tò, nítorí ooru láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin lọ́sàn-án tó láti sè é. Kúlà ni kó fi sí. Bó bá délé, ẹ jẹ́ kó dúró lóòró níbi tó ṣókùnkùn nísàlẹ̀ fíríìjì. Wọ́n ní ọtí líle lè gbó sí i fún ọdún mélòó kan, òótọ́ ni, níbi tí ilẹ̀ tutù. Nílé tiwa, ẹ mu ún láàárín oṣù mélòó kan.

Bí èyí tó kan bá ṣẹ́kù nínú ìgò, ẹ dé e pa, fíríìjì á tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá kọjá ìyẹn, ẹ ṣe é bí àwọn ará Flanders ṣe ń ṣe é: ẹ gé àlùbọ́sà rẹpẹtẹ, ẹ dín in kó pọ́n, ẹ kó ẹran màlúù sí i, ẹ da ọtí náà lé e lórí, kí ẹ sì jẹ́ kó rọra hó lórí iná kékeré títí ẹran á fi rọ̀. Èyí tó le kò ṣeé fi se ẹran bẹ́ẹ̀, kíkorò rẹ̀ ń pọ̀ sí i bí omi rẹ̀ bá ṣe ń gbẹ. Ẹ mu ún tán lálẹ́ tí ẹ ṣí i.